Wákàtí Mẹ́ta Tí Màmá Kò Rántí

Ọjọ́bọ kan ni, ní Ìbàdàn. Ọjọ́ náà ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ wo ìfun Màmá, ẹni ọdún 68, tó ti ń ta aṣọ ní ọjà Gbági láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ẹ̀jẹ̀ ti ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde fún oṣù bíi mélòó kan kó tó la ẹnu sọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ mí pé kí n kọ ìtàn ọjọ́ náà sílẹ̀, torí pé wákàtí mẹ́ta nínú rẹ̀ ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo fi aago fóònù mi, ìwé tí nọ́ọ̀sì ń kọ nǹkan sí, àti ẹnu ẹ̀gbọ́n mi obìnrin to àwọn wákàtí náà jọ. Ohun tí ojú mi kò tó, mo bi ẹni tó wà níbẹ̀.

Aago 4:10 ìdájí

Ìró ìkòkò ló jí mi. Màmá ti wà ní ilé ìdáná, ó ti tan gáàsì, ó ń ro ògì. Alhaja ni, ó sì ti ń gba ààwẹ̀ láti kékeré. Nígbà tí nọ́ọ̀sì sọ fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá pé pẹ̀lú ààwẹ̀ ni yóò wá sí ọsibítù, ààwẹ̀ tó mọ̀ ló wá sí i lọ́kàn: kéèyàn jí ní ìdájí, kó jẹ sààrì, kó wá pa ẹnu mọ́ di ìrọ̀lẹ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu ún o."

"Èmi ò ní jẹ nǹkan kan. Ẹ̀kọ ni mo fẹ́ mu. Ṣebí wọ́n ní mo lè mu omi?"

N kò mọ èsì tí mo lè fọ̀, torí pé èdè wa wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀kọ gbígbóná, mímu la ń mu ún. Gàárì, mímu ni. Tíì tó kún fún mílíìkì, mímu náà ni. Dókítà tó bá ní "ẹ má jẹun, ẹ lè mu omi díẹ̀" ti ṣílẹ̀kùn fún gàárì àti ògì láìmọ̀. Ikùn kò sì mọ ọ̀rọ̀ jíjẹ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ mímu. Èyí tó bá mọ́ gaara, tí a lè wo ìsàlẹ̀ ife láti òkè, bí omi lásán, omi ṣúgà tàbí tíì tí kò ní mílíìkì, kì í pẹ́ nínú ikùn. Wákàtí méjì ni wọ́n ń fún un kí wọ́n tó kun èèyàn lóorun. Oúnjẹ ni ògì àti gàárì ní tiwọn. Wákàtí 6 ni ti oúnjẹ fúyẹ́fúyẹ́, tí ẹran tàbí ọ̀rá bá sì wọ̀ ọ́, ó di 8. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé tí wọ́n fún wa látòkè délẹ̀, kò sì síbi tí wọ́n ti dárúkọ ògì. Ó dùn mí wọra. Ìyá tó ń dá gbé ì bá ti mu ife tirẹ̀ tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Tí wọ́n bá sì bi í bóyá ó jẹun, yóò ní òun ò jẹun, kò sì parọ́.

Ìdí tí òfin náà fi le kò ṣe é fi ṣeré. Ní 1946, Curtis Mendelson, dókítà agbẹ̀bí kan ní New York, kọ̀wé nípa àwọn aláboyún tí wọ́n kùn lóorun nígbà ìrọbí, tí ohun tó wà nínú ikùn wọn gòkè padà, tó sì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Nígbà tí ojú bá là sílẹ̀, tí nǹkan bá yà sọ́nà tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ́fun, èèyàn a wúkọ́, a sì lé e jáde. Oògùn oorun ń mú kí ọ̀fun dẹ̀. Omi kíkan tó wà nínú ikùn a wá ráyè dé ẹ̀dọ̀fóró, a sì jó o.

Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún un ní ìdúró, síbí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí títí, ó pa gáàsì. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló mu ògì náà kí wọ́n tó lọ sílé ìwé.

Aago 4:45 sí 7:20

Lítà mẹ́rin ni oògùn tó ń fọ ìfun. Ó ti mu méjì lálẹ́ àná. Méjì tó kù di ti ìdájí yìí, ife kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó níyọ̀ lẹ́nu, ó sì ń yọ̀ bí omi ọṣẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi sínú fíríìjì kí iná tó lọ, torí pé bó bá tutù, ó ń rọrùn láti gbé mì. Láàárín ife kan sí ìkejì, Màmá ń fi ahọ́n kan ọsàn wẹ́wẹ́. Láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ni ẹ̀fọ́, ilá, ẹ̀gúsí àti àgbàdo ti di èèwọ̀ fún un, torí pé kóró àti èèpo wọn ń lẹ̀ mọ́ ìfun. Ìrẹsì funfun àti ẹja ló ń jẹ. Zobo náà di èèwọ̀: pupa rẹ̀ lè jọ ẹ̀jẹ̀ lójú ẹni tó ń wo ìfun.

Ohun tí ìwé wọn kò sọ ni omi. Ní ilé tí omi ẹ̀rọ kì í ti í yọ déédéé, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìmúrasílẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ ti pọnmi sílẹ̀. Mo fa korobá mẹ́jọ nínú kànga lálẹ́ Ọjọ́rú, ó sì ku méjì péré nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Mo to mẹ́fà tó tán náà sẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sì jókòó sí pálọ̀, mò ń gbọ́ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Wọ́n ní kí ẹnì kan máa wo ohun tó ń jáde: tó bá ti mọ́ bí ìtọ̀, ìfun ti ṣe tán, tó bá ṣì dúdú tàbí tó nípọn, kí a pè wọ́n. Màmá kò gbà kí n wò ó. "Ìwọ ọkùnrin? Pe ẹ̀gbọ́n ẹ." Ẹ̀gbọ́n mi ló wọlé, tó jáde ní aago 7:20, tó ní ó ti mọ́.

Aago 7:45

Ó fi omi ìkòkò ẹnu kan gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ mì. Ti ìtọ̀ ṣúgà wà nínú páálí rẹ̀, nítorí dókítà ti ní kó má lò ó ní ọjọ́ tí kò ní jẹun, kí ṣúgà ara rẹ̀ má baà já wálẹ̀. Aago 8, ó mu omi ṣúgà díẹ̀. Ó parí síbẹ̀.

Aago 8:30

Micra kan ni a háyà, àwa mẹ́ta péré, a sanwó àyè tó ṣófo. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ ọ̀rá àti aṣọ ìnura sórí àga, bóyá ìgbẹ́ lè bọ́ lọ́nà. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Aago 9:20

Nọ́ọ̀sì tó gba orúkọ wa jẹ́ àgbà obìnrin, gíláàsì rẹ̀ so mọ́ okùn lọ́rùn. Ó bi Màmá léèrè àwọn oògùn tó ń lò. Màmá dárúkọ méjèèjì. Nọ́ọ̀sì kọ wọ́n sílẹ̀, kò tíì gbé bírò kúrò lórí ìwé, ó ní:

"Àgbo ńkọ́, Alhaja?"

Màmá wò mí. Ó wo ilẹ̀. "Mo mu àgbo jẹ̀dí díẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ yẹn ń yọ, mo pè é ní jẹ̀dí."

"Ìgbà wo lẹ mu ún kẹ́yìn?"

"Ọjọ́ Ajé."

"Omi ni wọ́n fi rẹ ẹ́ ni, àbí ọtí?"

"Ah, omi ni o! Èmi Alhaja?"

"Ó dáa, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ fún mi." Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe fún wa lọ́jọ́ náà, n kò rí èyí tó wú mi lórí tó ìbéèrè yẹn. Oṣù bíi mélòó kan ni àgbo náà fi wà lábẹ́ ibùsùn, àwa ọmọ kò mọ̀. Tí obìnrin yìí bá bú u, tàbí tó bá fi ṣẹlẹ́yà, Màmá yóò pa ẹnu dé. Ọ̀rọ̀ náà sì lágbára: ọtí tí wọ́n fi ń rẹ egbò àti oògùn oorun, iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe lára, wọ́n ń dín èémí kù. Ẹni tó bá fi ọ̀kan pamọ́ ń jẹ́ kí dókítà fi èkejì lé e lórí.

Wọ́n yẹ ṣúgà rẹ̀ wò, wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀. Ó yọ eyín àtọwọ́dá méjì sínú hánkáṣíìfù, ó kó o fún mi láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Nọ́ọ̀sì wá gbé ìka rẹ̀ sókè, ó rí lààlì tó dúdú kirimù lórí èékánná, ó ní etí ni wọn yóò ti fi ẹ̀rọ tó ń ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ há a, torí pé ìmọ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń tàn gba inú ara kọjá. Ó yí sí mi: "Ta ni yóò mú wọn lọ sílé?" Mo ní èmi ni. Ó ní òun kò gbọ́ "awakọ̀ ń bọ̀", òun fẹ́ rí ojú, òun fẹ́ nọ́ńbà. Aláìsàn kan tí kò bá ní àgbà tó máa bá a lọ sílé, wọn ò ní ṣe é fún un, kódà bó ti mu lítà mẹ́rin.

Aago 10:50

Wọ́n ti ki abẹ́rẹ́ bọ iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Dókítà tẹ̀ ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní: "Màmá, kì í ṣe oorun tí a fi ń lani níkùn. Ẹ ó kàn máa tòògbé. Tí mo bá pè yín, ẹ ó gbọ́ mi." Màmá ní òun gbọ́. Ó fọwọ́ sí ìwé. Nígbà tí dókítà kúrò, ó fà mí sún mọ́ra, ó sọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ àpótí rẹ̀ wà fún mi, ó sì dárúkọ ẹni mẹ́ta tó jẹ ẹ́ lówó ní Gbági, pẹ̀lú iye tí wọ́n jẹ. N kò sọ fún un pé kò pọn dandan. Mo tún iye náà sọ fún un kó lè mọ̀ pé mo gbọ́.

Aago 11:06 sí 11:41

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìwé nọ́ọ̀sì àti ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbà á.

Aago 11:06, midazolam mílígíráàmù kan, pẹ̀lú oògùn ìrora. Ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín ń fẹ́ ọ́síjìn sí i nímú. Wọ́n dúró. Ara àgbà máa ń pẹ́ kí oògùn tó dé e, kì í sì í gba púpọ̀, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í kánjú fún un lẹ́ẹ̀kejì. Aago 11:10, mílígíráàmù kan sí i. Ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀. Ohun tí Màmá rántí kẹ́yìn ni òtútù kan tó gba inú apá rẹ̀ gòkè.

Kì í ṣe pé midazolam ń nu ohun tí èèyàn ti mọ̀ kúrò. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ ni kò jẹ́ kó rí ibi jókòó sí. Èèyàn lè máa sọ̀rọ̀, kó dáhùn, kó gbé ẹsẹ̀ tí wọ́n ní kó gbé, kó má sì mú nǹkan kan nínú rẹ̀ lọ sílé. Nọ́ọ̀sì ní Màmá sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun àárọ̀. Ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan owó àjọ.

Aago 11:17, nọ́ńbà ọ́síjìn tó wà ní 97 já sí 89. Nọ́ọ̀sì ti wà níbi orí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó ní, "Alhaja, ẹ mí kanlẹ̀." Ó mí. "Ẹ tún mí." Ó tún mí. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ó ti padà sí 96. Ìlà kan péré ni èyí gbà nínú ìwé, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ará Japan kan, Takuo Aoyagi, ló gbé ọgbọ́n tó bí ẹ̀rọ kékeré yẹn jáde ní 1974. Kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kunni lóorun, ètè àti èékánná ni wọ́n ń wò bóyá ó ti ń dúdú, bẹ́ẹ̀ ni kí àwọ̀ tó yí, ewu ti wọlé. Ṣùgbọ́n àwa aláwọ̀ dúdú gbọ́dọ̀ mọ ohun kan nípa rẹ̀. Ní December 2020, Michael Sjoding àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Michigan fi nọ́ńbà ẹ̀rọ yìí wé ohun tí ẹ̀jẹ̀ gan-an sọ. Níbi tí ẹ̀rọ ti ń pe 92 sí 96, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú kan kò tó 88 rárá: nǹkan bí 12 nínú 100 àyẹ̀wò tiwọn, nígbà tí ti àwọn aláwọ̀ funfun jẹ́ nǹkan bí 4. Ẹ̀rọ náà ń sọ pé ara yá fún wa ju bó ṣe yá lọ. Mo bi nọ́ọ̀sì bóyá ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kò ka ìwé náà, ṣùgbọ́n àyà ni òun ń wò, bó ṣe ń wú tó ń lọ sílẹ̀; nọ́ńbà ń tẹ̀ lé e ni. Lórí tábìlì rẹ̀ ni flumazenil wà, oògùn tó ń tú ti midazolam, wọn ò sì lò ó.

Aago 11:29, wọ́n rí i: ẹran kékeré kan tó hù sára ògiri ìfun, ó tó mílímítà 8. Wọ́n ju okùn wáyà mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n fi iná mànàmáná já a, wọ́n sì fi í sínú ìgò fún àwọn aláyẹ̀wò. Irú ẹran bẹ́ẹ̀ lè jókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di jẹjẹrẹ, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ń dà á. Hiromi Shinya àti William Wolff ló kọ́kọ́ já irú rẹ̀ báyìí láti inú, ní New York, ní 1969. Ṣáájú ìgbà yẹn, ikùn ni wọ́n sábà máa ń là.

Aago 12:00 sí 1:25

Wọ́n tì í wá sí yàrá tí wọ́n ti ń jí, ó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Nọ́ọ̀sì ń gba máàkì fún un bí olùkọ́: ṣé ó ń gbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ṣé ó ń mí dáadáa, báwo ni ìfúnpá, ṣé ojú rẹ̀ là, ọ́síjìn ńkọ́. Méjì-méjì fún ìkọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 10. Antonio Aldrete, dókítà kan tí wọ́n bí ní Mexico, ló kọ́kọ́ gbé irú ìṣirò náà jáde ní 1970. Màmá gba 7 ní aago 12, ó gba 9 ní 12:30.

Aago 12:35, dókítà wọlé, ó sọ ohun tó rí fún un. Ó ní ẹran kékeré kan ni, òun ti já a, èsì yóò jáde, kó má lo oògùn ìrora kankan láìbéèrè. Màmá ń mi orí. Ó ní, "Ṣé kò ní hù padà?" Ìbéèrè ọlọgbọ́n ni. Dókítà ní kò dájú pé òmíràn kò ní hù níbòmíràn, ìdí nìyẹn tí wọn yóò fi tún wò ó lọ́jọ́ iwájú. Màmá dúpẹ́. Dókítà jáde pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé aláìsàn òun ti gbọ́.

Orí ló yọ wá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé tíì àti búrẹ́dì wọlé nígbà náà ni, ìdí nìyẹn tí mo fi gbọ́. Ẹni tó gba 9 nínú 10 lè dìde, ó lè dáhùn, ó lè béèrè ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání. Máàkì náà kò wọn bóyá ọ̀rọ̀ yóò dúró lọ́kàn rẹ̀. Mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé kò yẹ kí wọ́n sọ èsì kankan fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí láìpe ẹni tó bá a wá, kí wọ́n sì kọ ọ́ lé e lọ́wọ́ ní èdè tó ń sọ nílé.

Aago 2:15

Orí afárá Mòkọ́lá la wà nínú ọkọ̀ nígbà tí Màmá ní, "Ṣé wọn ò tíì pè wá wọlé ni?" Láti ibẹ̀ lọ ló bẹ̀rẹ̀ sí í rántí nǹkan padà.

Aago 3:40

Ó sùn díẹ̀, ó jí, ojú rẹ̀ dán. Ó jẹ ìrẹsì. Ó ní ara òun le koko. Àfi bí fóònù rẹ̀ ṣe dún: oníbàárà rẹ̀ kan fẹ́ kó fi owó àṣẹ́kù ránṣẹ́ kíákíá. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti tẹ iye owó, ó ń wá nọ́ńbà àṣírí. Òdo kan ti lé. Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìkúnlẹ̀, torí kò sí bí ọmọ ṣe lè gba nǹkan lọ́wọ́ ìyá lórí ìdúró. Inú bí i. Wákàtí 24 ni wọ́n fún wa: kò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀, kò gbọ́dọ̀ dáná, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé, kò gbọ́dọ̀ náwó ńlá. Ẹni tó mutí yó máa ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ kí aráyé rí i. Ìyókù oògùn yìí kò hàn lójú, ìdí nìyẹn tó fi lè jẹ owó èèyàn lójú ọmọ rẹ̀.

Aago 5:10

"Kí ni wọ́n rí?"

Mo sọ fún un. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní ta ló sọ ọ́ fún mi. Mo ní, "Ẹ̀yin gan-an ni dókítà sọ ọ́ fún, Màmá. Ẹ tún bi í léèrè bóyá kò ní hù padà." Kò gbà mí gbọ́. Ó pe ẹ̀gbọ́n mi wá jẹ́rìí. Ní aago 7, ó tún béèrè; mo tún sọ ọ́, látìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí kò tíì sọ ọ́ rí.

Aago 9:40 alẹ́

Inú ń yọ ọ́ lẹ́nu díẹ̀, afẹ́fẹ́ tí wọ́n fẹ́ sínú ìfun ló ń jáde. Kò sí ẹ̀jẹ̀, ara rẹ̀ kò gbóná, ikùn rẹ̀ rọ̀. Àwọn nǹkan tí wọ́n ní ká máa ṣọ́ nìyẹn, nọ́ńbà tí a ó pè sì wà lára ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ ẹní sísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Mo fẹ́ pa iná nígbà tó pè mí.

"Nígbà tí mo wà níbẹ̀, ṣé wọ́n bo ara mi?"

Mo ti bi nọ́ọ̀sì. "Wọ́n bò yín, Màmá. Ibi tí ẹ̀rọ náà gbà nìkan ni wọ́n ṣí."

Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀.

"Mo kí wọn?"

"Ẹ kí wọn. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun. Ẹ ṣàdúrà fún nọ́ọ̀sì yẹn, ẹ ní àwọn ọmọ rẹ̀ yóò tọ́jú rẹ̀ dalẹ́."

Ó mí kanlẹ̀, ó yí sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ó fa aṣọ bora.

"Ó dáa. Bá mi pa iná yẹn."